Ọjọ́ mẹ́wàá ní kíláàsì ìròyìn ìwádìí orí tẹlifíṣọ̀n ní Kàbà: ohun tí mo rí gbà fún owó mi

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí mo parí kíláàsì yìí, àwọn èèyàn ò sì yéé bi mí lórí WhatsApp pé ṣé káwọn náà lọ sanwó, torí wọ́n ti tún ń gba orúkọ àwọn tó máa wọlé tẹ̀lé wa. Mo wá ní kí n jókòó kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, dípò kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

₦45,000 lowó ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò jìnnà sí ọjà Kàbà. Àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀, àwọn kan wá láti Ìsánlú, àwọn kan láti Mọ̀pà, ọmọkùnrin kan sì ń ti Ọbájànà wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Èmi ní tèmi, fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo ń yà, ọdún kẹfà rèé, mo mọ kámẹ́rà lò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, àmọ́ látìgbà tí mo ti wo iṣẹ́ tí oníròyìn kan, Kiki Mordi, ṣe fún BBC ní 2019 lórí àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń yọ obìnrin lẹ́nu lọkàn mi ò ti kúrò lórí iṣẹ́ àwọn oníròyìn tó ń tú àṣírí lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó jókòó sí Kàbà lè ṣe é. Ohun tí mo torí ẹ̀ sanwó nìyẹn.

Ẹni tó ń kọ́ wa, bàbá ọmọ Yàgbà kan ni wọ́n, wọ́n ti lo ohun tó lé lógún ọdún nídìí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó àti l'Ábùjá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wálé. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í fi ohun tí wọ́n ti ṣe yangàn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu wọn ẹ máa bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo mú kámẹ́rà kékeré kan dání, èyí tó dà bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú mi sì ń dùn torí èmi nìkan ni mo ní irú ẹ̀ nínú kíláàsì. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n tì í. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó di ọjọ́ kẹsàn-án." Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Wọ́n wá ní kí oníkálukú dárúkọ oníròyìn tó wù ú kóun dà. Gbogbo ọkùnrin inú kíláàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ Anas, Anas Aremeyaw Anas ọmọ Gánà, ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ bojú. A mọ iṣẹ́ ẹ̀: ní 2015 ló gbé fídíò àwọn adájọ́ tó ń gba rìbá jáde ní Gánà, ní 2018 ló gbé ti bọ́ọ̀lù jáde, níbi tí kámẹ́rà ti ká Kwesi Nyantakyi tó jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn nígbà yẹn mọ́ ibi tó ti ń gba $65,000, FIFA sì fòfin dè é. Bàbá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá bi wá pé ta ló mọ Ahmed Hussein-Suale. Nínú àwa mẹ́rìnlá, ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n. Ahmed wà lára àwọn tó ń bá Anas ṣiṣẹ́. Olóṣèlú kan gbé fọ́tò ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2018, ó ní kí wọ́n lù ú tí wọ́n bá rí i, nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2019 wọ́n yìnbọn pa á nínú mọ́tò ẹ̀ ní Madina, Accra. Bàbá ní ìbòjú ẹnì kan lẹ̀ ń wò, àwọn tí ò ní ìbòjú ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí: dírẹ́bà, ẹni tó gbé kámẹ́rà, ẹni tó júwe ọ̀nà, ẹni tó gbà láti sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fèsì, a kàn jókòó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tò ó fún wa bí àwọn èèyàn ṣe ń dé ìdí iṣẹ́ yìí, èmi fẹ́ràn ọjọ́ yẹn gan-an torí ọ̀rọ̀ obìnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Ruona Meyer, bàbá ẹ̀, Godwin Agbroko, oníròyìn ni, wọ́n tì í mọ́lé nígbà Abacha, wọ́n sì pa á ní 2006. Ọmọ yẹn náà wá di oníròyìn. Nígbà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ lórí oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú fún BBC Africa Eye, ìyẹn ètò ìròyìn ìwádìí BBC nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin fúnra ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ oògùn náà. Ìparí oṣù kẹrin 2018 ni fídíò náà jáde, kò ju ọjọ́ kan lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó o wọlé tàbí ṣe é mọ́, NAFDAC sì ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta pa, Ìlọrin ni méjì nínú wọn wà. Ìlọrin tí a ń gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ yìí! Èmi tí mo ń ya fídíò àríyá, mo ti rí ìgò yẹn lábẹ́ tábìlì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì máa ń yí kámẹ́rà mi síbòmíì. Ní 2019 wọ́n yan iṣẹ́ yẹn mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ International Emmy.

Kiki Mordi ńkọ́? Òun náà sọ ọ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀ pé yíyọnilẹ́nu olùkọ́ kan ló jẹ́ kóun fi yunifásítì sílẹ̀ láìparí. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2019 ni fídíò náà jáde, àwọn ọmọbìnrin oníròyìn ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó àti ti Gánà, wọ́n fi kámẹ́rà àfipamọ́ ká ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó ń fi máàkì wá obìnrin. Ní oṣù keje 2020 àwọn aṣòfin àgbà buwọ́ lu àbádòfin tó ní kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14. Bàbá ní kí a ṣàkíyèsí nǹkan kan: ohun tó kan àwọn méjèèjì dé egungun ni wọ́n lọ wádìí, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí ẹ̀dùn ọkàn rọ́pò ẹ̀rí. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú jọ́tà mi. Mi ò tíì mọ̀ pé èmi lọ̀rọ̀ yẹn máa kọ́kọ́ bá.

Ọjọ́ kẹrin la gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lọ́nà Bùnú. Bàbá ti fún wa ní ìwé iṣẹ́ àkànṣe kan, bohóòlù tó ń lo iná oòrùn, ìwé náà ní wọ́n ti sanwó ẹ̀, wọ́n ti parí ẹ̀. A débẹ̀, táńkì wà lókè, páńẹ́lì wà, ẹ̀rọ tó ń fa omi gan-an ni ò sí, wáyà kàn ń fì. Àwọn ìyá ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí, wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ìyàwó kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ní òun ò fi omi ẹ̀rọ yẹn kan ẹnu rí látọjọ́ tóun ti dé abúlé náà. Mo ya ojú ẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò, mo ya wáyà. Inú ń bí mi débi pé mi ò jẹun nígbà tí mo délé. Lálẹ́ yẹn mo gé ìṣẹ́jú mẹ́ta jáde, mo fi orin sí i, mo sì fi ohùn ara mi sọ ọ́ pé kọńtírákítọ̀ ti jẹ owó abúlé mọ́ra.

Ó rẹwà o, kì í ṣe pé mo ń yin ara mi, àwọn ọmọ kíláàsì pàtẹ́wọ́. Bàbá wò ó tán, wọ́n ní, "Ta lo bi?" Mo ní àwọn ìyá tó ń pọnmi. "Ta tún ni?" Mo dákẹ́. "Kọńtírákítọ̀ ńkọ́?" Mo ní ìwé ti wà, sà, ojú mi sì ti rí i. Wọ́n ní ká ṣí ojú ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ kọ́ńpìnnì láìsanwó, a rí i pé kọ́ńpìnnì náà wà lóòótọ́, a rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí ìwé iṣẹ́ náà. Bàbá ní èmi ni kí n pè é, níwájú gbogbo kíláàsì, kí n sọ orúkọ mi, kí n sọ pé mò ń gba ohùn sílẹ̀, kí n ka ìbéèrè mi bí mo ṣe kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkùnrin náà ò bínú, ó ní ká wá sí ọ́fíìsì òun ní Lọ́kọ́ja.

Àwa méjì la lọ. Ó gbé ìwé ìgbàṣẹ́ jáde, ìwé tí àwọn ará abúlé fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ èèyàn méjì àti ìfọwọ́sí wọn wà níbẹ̀. Ó fi fọ́tò hàn wá, omi ń dà, àwọn ọmọdé wà lábẹ́ ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àmọ́ Bàbá ti kìlọ̀ fún wa pé fọ́tò náà lẹ́nu, kò sì sí ohun tí ẹnu ò lè sọ. A ní kó fi fáìlì ẹ̀ gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó ti gba WhatsApp kọjá torí ìyẹn máa ń pa ọjọ́ inú ẹ̀ rẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ inú ẹ̀ bá ìwé mu, a sì fi igi máńgòrò àti àpáta tó wà lẹ́yìn táńkì wé èyí tó wà nínú fídíò tèmi, ibì kan náà ni. A padà sí abúlé, lọ́tẹ̀ yìí a lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Bàbá àgbàlagbà kan wá là á fún wa: ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ oṣù díẹ̀, àwọn kan wá tú u lọ lóru nígbà ọyẹ́, wọ́n lọ fẹjọ́ sùn, kò sẹ́ni tó wá wò ó. Ìyàwó tó ní òun ò fi omi ẹ̀ kan ẹnu rí yẹn ò parọ́, ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ lọ tán ló fẹ́ wọ abúlé náà.

Ká ní mo ti gbé ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ńkọ́. Orúkọ ọkùnrin yẹn, ti ìyàwó ẹ̀, tàwọn ọmọ ẹ̀. Mo ronú ẹ̀ títí, mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ìtàn tí a padà rí, pé wọ́n ṣe omi tán wọn ò fi owó ìtọ́jú tàbí ọlọ́dẹ kan tì í, kò ní ẹni kan tí èèyàn lè nawọ́ sí pé òun ni, ó sì ṣòro láti yà ju tàkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ló lè mú omi padà wá fún wọn. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta yìí nìkan ni mo sanwó fún, ₦45,000 ò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba náà dáa púpọ̀. Òfin Freedom of Information ti 2011, ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba, kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ilé iṣẹ́ tó bá sì fi ìwé dùn èèyàn láìtọ́, owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦500,000. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé ó kan gbogbo wọn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Àwa tí a wà ní ìlú kékeré, èyí ló yẹ kó múnú wa dùn jù. Bàbá jẹ́ kí oníkálukú kọ tiẹ̀, wọ́n fi bíírò pupa gé gbogbo "a fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín" tó wà nínú tèmi, wọ́n ní kí n bọ̀wọ̀ fún wọn, kí n má bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ká máa gbé ẹ̀dà kejì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú níwájú wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án wá pé, Bàbá ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé bọ́tìnì mi sórí tábìlì. Wọ́n ní kí n tó wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ, kí n dáhùn: ṣé kò sí ọ̀nà míì láti rí ẹ̀rí náà, ṣé ọ̀rọ̀ aráàlú ni àbí ọ̀rọ̀ yàrá ẹlòmíì, ta ni ọ̀gá tó mọ̀ sí i, lọ́yà wo ló ti gbọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo ti ẹni náà dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n wá sọ ti Martin Bashir fún wa, oníròyìn BBC tó fọ̀rọ̀ wá Princess Diana lẹ́nu wò ní 1995, tí gbogbo ayé wò. Ayédèrú ìwé báǹkì ló fi han àbúrò Diana kó tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọdún 2021 ni ìwádìí Lord Dyson, adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ọdún 26 lẹ́yìn náà! Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, ó sì jẹ́ kí n yé fojú eré wo ọ̀rọ̀ dídọ́gbọ́n wọlé. Wọ́n fi òfin Cybercrimes kún un, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, wọ́n ka apá kẹrìnlélógún, tó dá lórí fífi irọ́ tàbí ìhàlẹ̀ ránṣẹ́, fún wa torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mú àwọn oníròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹ̀yin náà fẹ́ ná owó yín. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi kọ́ gígé fídíò, láptọ́ọ̀pù méjì fún èèyàn mẹ́rìnlá, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n ò lè rí nǹkan kan dì mú. Iná ò sí lọ́pọ̀ ọjọ́, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé, lọ́jọ́ tí a ń kọ́ bí a ṣe ń gba ohùn pẹ̀lú máíkì àyà ni gbogbo ohùn tí a gbà kún fún ariwo ẹ̀. Àlejò tí wọ́n ní ó máa wá kọ́ wa bí a ṣe ń wá owó iṣẹ́ pẹ́ wákàtí méjì, ó sì sáré kọjá lórí ohun tí a fẹ́ gbọ́ jù, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Bàbá ló padà sọ òótọ́ fún wa, pé níbi tí àwọn ti ṣiṣẹ́ rí owó oṣù máa ń wọ oṣù míì, pé iṣẹ́ míì lọ́wọ́ dáa, pé ká máa wo àwọn tó ń ran oníròyìn lọ́wọ́ bíi Wole Soyinka Centre for Investigative Journalism l'Ékòó, tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn lẹ́bùn lọ́dọọdún, ti tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ààbò. Wákàtí kan péré! Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, ẹni tó bá fẹ́ ti Kàbà lọ Ẹ̀gbẹ̀ á kọ́kọ́ pe èèyàn mẹ́ta kó tó jáde nílé. A tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà tí wọ́n kọlù lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2021, tí ìròyìn ní ẹlẹ́wọ̀n 240 sá, ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a to gbogbo ohun tó ti jáde lórí ẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí, a sàmì sí ibi tí ìròyìn kan ti tako òmíì, iṣẹ́ yẹn dùn. Àmọ́ nígbà tí obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi kan béèrè pé tí òun nìkan bá ní láti sun ìlú tóun ò mọ ẹnì kankan ńkọ́, èsì tó rí gbà ò ju pé kó ṣọ́ra. A máa ń ṣọ́ra tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún Bàbá lọ́jọ́ tí a parí, mo kúnlẹ̀ sọ ọ́, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa wá obìnrin oníròyìn kan tó ti ṣe é rí láti wá kọ́ àwọn tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí i.

Oúnjẹ dáa, iyán wà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ti ní kámẹ́rà tàbí fóònù tó dáa, tó ti mọ fídíò gé díẹ̀, tó sì lè fara da kí wọ́n dá iṣẹ́ ẹ̀ padà níṣojú gbogbo èèyàn, kó lọ. Ẹ mú hard drive yín dání, méjì tó bá ṣeé ṣe, torí Bàbá ò ní gbà kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sí ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jẹ́ pé fídíò gígé lásán ló fẹ́ kọ́, kó má lọ síbẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà tèmi o. Òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, afẹ́fẹ́ ṣí i lọ, ìwé sì ní wọ́n ti tún un ṣe. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì tọ́rọ̀ kàn ní Mọ́ńdè, akọ̀wé ibẹ̀ wò mí lókè délẹ̀, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo sọ fún un, ó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi, ó kọ ọjọ́ sí i. Òní lọjọ́ kẹrin. Mo ti lọ ya òrùlé náà lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo sì ti wá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà tí afẹ́fẹ́ jà, mọ̀lẹ́bí wọn ní wọ́n ti kó lọ sí Ìyàrà. Lọ́la ni mo máa lọ síbẹ̀. Kámẹ́rà bọ́tìnì yẹn wà nínú páálí ẹ̀ lórí wọ́dúróòbù.